Èékánná Ìyá Dókítà

Gbémiga gbé ọwọ́ ìyá rẹ̀ sókè síwájú kámẹ́rà bí ẹni tí ń polówó ẹja tútù.

"Ẹ wo èékánná," ó ké sí àwọn tó jókòó sórí àpáta. "Ó dúdú bí aró. Màmá, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló wà lára yín. Bí mo bá gún yín lábẹ́rẹ́ báyìí, àdìrẹ ni yóò jáde."

Ẹ̀rín sọ. Gbogbo agboolé tó yí wọn ká ní Igbein, l'Abẹ́òkúta, ló ti jáde wá wòran. Gbémiga fa àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo yọ lápò, ó ti so rọ́bà mọ́ ọn nídìí. Ó gbé àrọ lé àyà ìyá rẹ̀, ó ki rọ́bà bọ etí, ó fajú ro, ó wá rìn yí àga ká bíi pẹ́pẹ́yẹ tó jẹ àjẹyó. Àwọn èèyàn ti mọ èyí tó kàn. Wọ́n bá a sọ ọ́ pọ̀: "Ó kù díẹ̀."

Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí nìyẹn. Dókítà Ó-Kù-Díẹ̀. Kò sí aláìsàn tó wọ inú fídíò rẹ̀, ì báà ṣe ẹni tí ẹ̀fọn jẹ lásán, tí kò ní sọ fún pé ó kù díẹ̀ kó dágbére fáyé. Láti Abẹ́òkúta títí dé Wásinmi, àwọn ọmọdé ń rìn bíi tirẹ̀ lọ sílé ìwé.

Dókítà gidi ni tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ló bọ́ ẹ̀wù funfun sílẹ̀. Bí àwọn oníròyìn bá bi í pé kí ló dé, á gbójú sókè díẹ̀, á ní, "Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Mo kàn pààrọ̀ oògùn ni." Ó dùn ún gbọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Aláìsàn tó bá yè, Ọlọ́run ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá kú, dókítà ni ará ilé rẹ̀ ń wá. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù. Gbémiga sì fẹ́ràn àtẹ́wọ́.

Àfúsá, ìyá rẹ̀, kò dárí jì í. Inú ìkòkò aró ló ti yọ owó ilé ìwé rẹ̀, láti kékeré títí tó fi gboyè. "Ìyá Dókítà" ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ lọ. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ òun ti di aláwàdà, kò sunkún. Àwòrán rẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun ló gbé sọ̀ kalẹ̀, ó nù ún dáadáa, ó wá lọ gbé e kọ́ síbi tí àlejò á ti kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Èmi ò ní fi ojú mi yìí wo ẹni tó kàwé tán tó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ." Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Bí ohùn Gbémiga bá ti ń jáde nínú fóònù ẹnikẹ́ni, á dìde níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Gbémiga wá bẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó ṣe aláìsàn fún òun nínú eré tuntun, tí ìyá sì rọra mi orí pé òun gbà, inú ọmọ dùn. Ó ti kó àwíjàre jọ rẹpẹtẹ. Kò lò ó. Ó sọ fún Saheed, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń darí eré, pé, "Mo ṣẹ́gun. Ìyá mi ò tilẹ̀ jiyàn."

"Ẹ dúró ná," Saheed wí lẹ́yìn kámẹ́rà. "Ó dùn, ṣùgbọ́n aró ọwọ́ Màmá ò tàn. Àràmídé, nù ún kúrò, kí o fi ọ̀dà búlúù kùn ún."

Àràmídé, ọmọbìnrin tó ń kun àwọn òṣèré lójú, kúnlẹ̀, ó da òróró sórí òwú, ó ń nu ọwọ́ ìyá náà. Ó nù ún, ó tún nù ún.

"Ẹ̀gbọ́n, kò bọ́ o. Ó dà bíi pé abẹ́ èékánná ló wà."

"Aró àtọdúnmọ́dún ni," Gbémiga dá a lóhùn. Ojú ara rẹ̀ ló ń wò nínú fóònù. "Kò lè bọ́."

"Aró wo?" Àfúsá wí. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó mí, kó tó rí ìyókù ọ̀rọ̀ sọ. "Láti ìgbà ọyẹ́... n kò fọwọ́ kan aró mọ́."

"Á jẹ́ pé ó ti wọ eegun Ìyá Dókítà," ẹnì kan wí lórí àpáta, ni gbogbo wọn bá tún bú sẹ́rìn-ín.

Gbémiga bá wọn rín in. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ lọ sára ògiri. Wọ́n ti dojú àwọn ìkòkò aró dé, àfi ọ̀kan tó dùbúlẹ̀, adìyẹ sì ti sàba sínú rẹ̀. Ilẹ̀ rin fún òjò. Ọyẹ́ ti lọ tipẹ́. Èékánná èèyàn á ti hù tuntun láàárín ìgbà yẹn. Ó wo ètè ìyá rẹ̀. Ètè náà ṣú bí èékánná, bẹ́ẹ̀ aláró kì í ki ẹnu bọ ìkòkò. Ó wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wú bo okùn bàtà. Ó rántí pé orí àga ló ń sùn báyìí, pé ó ní bẹ́ẹ̀dì ti le jù. Òun alára ti fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣàwàdà nínú fídíò kan.

Ó mú ìka rẹ̀, ó tẹ èékánná, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó tutù. Àwọ̀ pupa kankan kò padà síbẹ̀.

"Saheed, pa kámẹ́rà. Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn mọ́tò."

"Ohùn yẹn gan-an la ti ń wá," Saheed wí. Kò pa á. "Má dá a dúró."

"Mo ní ìyá mi ò lè mí."

"Ó kù díẹ̀," àwọn tó wà lórí àpáta dáhùn. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀. Odindi ọdún méjì ni Gbémiga fi kọ́ wọn pé bí òun bá ti fajú ro báyìí, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìyá rẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn wọn títí mọ́tò fi jáde.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Àfúsá fẹ̀yìn ti àga ẹ̀yìn. "Mo rò pé o ti rí i. Ìwọ ni dókítà." Ó sinmi. "Mo ní bóyá o ti rí i, o kàn ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni."

Gbémiga tẹná mọ́tò. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Orí tí ìyá rẹ̀ mì fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá padà wá sí i lọ́kàn, èyí tó pè ní ìṣẹ́gun. Èémí tí yóò fi jiyàn ni kò ní.

Ọsibítù tó ti ṣiṣẹ́ rí ló wa mọ́tò lọ. Usamah tó ń ṣọ́ géètì tẹjú mọ́ ọn lójú fèrèsé, ẹnu rẹ̀ là gàgà.

"Dókítà Ó-Kù-Díẹ̀. Ẹ̀yin náà rèé?" Ó ti ń fa fóònù yọ. "Ọ̀gá, ẹ ò ní wọlé láìṣe é fún mi. Àwọn ọmọ mi ò ní gbà mí gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí géètì. Aláìsàn ló wà lẹ́yìn."

Usamah yọjú sẹ́yìn mọ́tò. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe aláìsàn lọ́tẹ̀ yìí? Ó mà bá yín mu."

Gbémiga wá ojú mìíràn tí yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Kò rí i. Ojú aláwàdà kan ṣoṣo náà ló kù sí i lọ́wọ́.

"Ṣe é fún un," ìyá rẹ̀ wí. "Kó lè ṣí i."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Níwájú géètì tó ti máa ń wọ ẹ̀wù funfun gbà kọjá rí, ó ká apá bí ìyẹ́, ó rìn ín, ìdí ń mì, Usamah ń fi fóònù tẹ̀ lé e. "Ó kù díẹ̀," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ya níparí. Ìyẹn ló dùn mọ́ Usamah jù. Ó ṣí géètì.

Bó ṣe ń padà, ó rí i láti ojú fèrèsé pé ìyá rẹ̀ kò gbójú kúrò. Òun ló ń wò. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sí ohùn tó ń jáde. Gbémiga dúró, ó fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Ó ti kọ́ iṣẹ́ èémí, ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rín, kò sì mọ̀ bóyá èémí ni ìyá rẹ̀ ń wá tàbí ẹ̀rín ló ń rín.