Òfin Ò Gba Ẹbí

Ọjọ́ kẹta tí a sin màmá mi ni fóònù ìyàwó mi dún, tí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dìfẹ́ńsì rẹ̀, ìdánwò àṣekágbá ìwé tó ń kà. Mo wà ní pálọ̀ wa ní Odigbo, mò ń jẹ ẹ̀pà tí a rà sílẹ̀ fún àwọn tó ń wá kí wa kú ará fẹ́ra kù. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, mo sì ń bó ẹ̀pà mi lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún mi lásìkò yẹn pé ilé wa ń jó, mo rò pé n ó kàn bèèrè pé yàrá wo ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí ló pè, ọ̀gá tó ń bá Olúyẹ́misí yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní yunifásítì. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Odigbo níbí, ó sì ń ka másítà lórí ìlera àwùjọ. Ó bẹ ọ̀gá náà bóyá wọ́n lè sún ọjọ́ yẹn síwájú díẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ wá. Ọ̀gá ní ó dun òun, ṣùgbọ́n iye sáà tí òfin fún ẹni tó ń ka irú ìwé yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, àfikún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń fún èèyàn, ó ti lò ó lọ́dún tí ìyanṣẹ́lódì gbòde. Bí kò bá dúró níwájú ìgbìmọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀, gbogbo ọdún tó ti fi kàwé á sì di òfo. Òfin gbà kí wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá kú, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí òbí tó bí i lọ́mọ. Ìyá ọkọ ò sí níbẹ̀. Mo rò ó pé bóyá àpọ́n ló kọ òfin náà.

Mo mọ àwọn òfin wọ̀nyẹn ju òfin ilé ìwé girama tí mo ti ń ṣe olùkọ́ lọ, nítorí èmi ni mo ń bá a tún Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Àlàfo apá òsì ojú ìwé gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti apá ọ̀tún lọ. Wọ́n ti dá iṣẹ́ rẹ̀ padà rí nítorí pé èèpo ìwé náà pọ́n ju pípọ́n tí wọ́n fẹ́ lọ. Ẹni tó ń ṣèwádìí lára èèyàn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kan kó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́dọ̀ mú ẹbí ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí yóò yẹ̀ wò, kí ìfẹ́ má baà ba èsì jẹ́. Mo rántí pé ìgbà tí mo ka ti ẹbí yìí, mo ní òun nìkan ló nílàákàyè nínú gbogbo wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn ìyá àgbà tó ń ṣe oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ ni Olúyẹ́misí ń wádìí. Ajue, abúlé tiwa, ló mú. Ọmọ Ìkìrun ni òun, ìjọba ló gbé e wá síbí, ìyá mi ló sì kọ́ ọ ní gbogbo ọ̀nà Ajue. Ìgbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, Màmá sọ ọ́ di iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, òun ló bá wa bẹ àlùfáà tó fi yá wa ní bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá sì ń sá fún ẹ̀rọ bíípì tí wọ́n ń so mọ́ apá láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, á bi í bóyá wọ́n sọ fún un pé wọ́n fẹ́ so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ ni. Ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ìyàwó òun ń kàwé tó ga ju ti dókítà lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí yíyẹ àwọn ìyá wò, èmi náà wà níbẹ̀, mò ń to bẹ́ǹṣì. Màmá ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó jókòó, ó na ọwọ́. Olúyẹ́misí rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀ o. Òfin iléèwé wa ò gba ẹbí. Bí mo bá fọwọ́ kàn yín pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn."

Gbogbo àwọn ìyá rẹ́rìn-ín, Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó sì sọ apá bùbá rẹ̀ kalẹ̀. Olúyẹ́misí ti ní in lọ́kàn pé tó bá yá, tí èrò bá tú, òun á yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ṣùgbọ́n òjò ṣú, Ùsmọ́n ọlọ́kadà tó gbé wa wá ń fun fèrè pé òun ò ní wọ ẹrẹ̀ o, a kó ẹrù wa, a lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń yẹra fún wa, mi ò sì tètè fura. Ọjọ́ ọjà, ó ń wá sí Ore bó ti ń wá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í yà sílé wa ní Odigbo mọ́. Bí a bá lọ sí Ajue, á kí Olúyẹ́misí tayọ̀tayọ̀, á gbé oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á wà lẹ́yìn bí ọwọ́ ọmọ tó jí ẹran. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Olúyẹ́misí ní kí wọ́n máa wá gba oògùn ní Odigbo, wọ́n sì ń wá. Màmá á sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọ̀kadà, á sì padà sílé. Mo rò pé ó ń bínú sí wa ni. Mo bi í. Ó ní kò sí ìjà kankan, kí ìyàwó òun ṣáà parí ìwé rẹ̀ ni. Mo ní ó dáa.

Ibi tó ti ń sá kòkó ló ṣubú sí. Wọ́n gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, wọ́n ń gbé e bọ̀ ní Ore, ó sì kú sójú ọ̀nà. Dókítà tó rí i ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, àbí ṣé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Olúyẹ́misí dúró pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Níbi ìsìnkú, mo pín omi, mo wá àga fún àwọn àgbà, mo kí ẹni tó kí mi. Àwọn ẹbí bàbá mi ní mo ṣe ọkùnrin. Kì í ṣe ọkùnrin ni mo ṣe, ara mi ló kú. Mo ń retí ẹkún bí èèyàn ti ń retí mọ́tò tí kò sọ ìgbà tó máa dé.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n pe Olúyẹ́misí ni Ìyá Elisha wá láti Ajue. Òun àti màmá mi jọ dàgbà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gba ọ̀rọ̀ dúró. Gààrí tí Màmá yan gbẹ̀yìn ló gbé wá fún wa. Olúyẹ́misí ti lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Elisha jókòó, ó ní nǹkan kan ń jẹ òun nínú.

"Ọma mi, orí ń fọ́ ìyá rẹ láti ìgbà kíká kòkó. Mo ní ká jọ yún Odigbo. Ó ní òun éè lè jẹ́ kí Olúyẹ́misí fọwọ́ kan òun, pé òfin yunifásítì éè gbà á, pé ó máa ba uṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó ní bó bá ti parí ìwé náà, òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì."

Mo bi í pé ṣebí ilé ìwòsàn pọ̀ ní Ore, kí ló dé tí kò lọ sí òmíràn. Ó ní òun náà sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Màmá ní gbogbo ọsibítù ló ń kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀, pé bí àwọn yunifásítì bá rí orúkọ òun níbi kan pé ẹ̀jẹ̀ òun ru, wọ́n á ní ìyàwó òun ti fẹbí ṣe é. Ewúro ni Màmá ń fún mu dípò oògùn. Ìyá Elisha bèèrè omi, ó mu ún, ó ní kí n má bínú, ó sì lọ wọ ọ̀kadà.

Mo gbé gààrí náà sí kíṣìn. Mo ronú pé ó yẹ kí nǹkan kan ṣe mí. Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ fún Olúyẹ́misí, kò ní lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ kankan. Ohun tí Màmá fi ara rẹ̀ ṣọ́ títí tó fi kú, èmi ni n ó wá fọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kù kó parí. Bí mi ò bá sì sọ, a ó jọ máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, èmi àti òun àti ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò sọ. Mi ò ní pé ọgbọ́n ni mo fi ṣe é, mo kàn ń dákẹ́ láti òní di ọ̀la ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní kí Olúyẹ́misí mọ́kàn le, pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ó mọ́kàn le. Ó ń kàwé ní ọ̀sán, èmi ni mò ń bi í ní ìbéèrè bí ẹni pé èmi ni ìgbìmọ̀. Mo bi í bó ṣe mú Ajue, mo bi í bó ṣe mú àwọn tó yẹ̀ wò. Ibi tó yẹ kí n bi í nípa ẹbí, mo fò ó. Ó wò mí nígbà tí mo fò ó, ó sì ṣí ojú ìwé tó kàn. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, a wọ mọ́tò ní Ore, a lọ sí yunifásítì. Òfin wọn ní akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ fún olùdánwò ní jíjẹ tàbí mímu, nítorí náà èmi ni mo gbé kúlà oúnjẹ wọn. Gbogbo ọkọ àti ẹ̀gbọ́n tó wà ní kọ́rídọ̀ ló gbé kúlà tirẹ̀, a kí ara wa. Wọ́n pe Olúyẹ́misí wọlé. Mo ń wo ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí tẹ̀lé e, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní a kú oríire, ó yege, àtúnṣe díẹ̀ ló kù. Ó gba kúlà lọ́wọ́ mi, ó wọlé.

Olúyẹ́misí jókòó tì mí. Mo ṣí omi fún un. Ó ní olùdánwò tó wá láti yunifásítì mìíràn bi òun bóyá ìbátan òun kankan wà nínú àwọn tí òun yẹ̀ wò, nítorí ó rí i pé abúlé ọkọ òun ni. Òun ní rárá.

"Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù máa ń kó ìyá àti ìyá ọkọ sínú iṣẹ́ wọn kí iye lè pé. Ó ní mo ṣe dáadáa tí mi ò fọwọ́ kan màmá ọkọ mi."

Ohùn kan náà tó fi ń ka iye bíípì fún aláìsàn ló fi sọ ọ́. Mo ní kó mu omi. Ó mu ún. A wọ mọ́tò padà sí Ore.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, iná wà, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì pálọ̀, ó ń ṣe àtúnṣe. Èyí tó gbẹ̀yìn ni kó fi gbólóhùn kan kún orí kẹta, kí ẹni tó bá kà á lè mọ̀ pé òfin ni ó tẹ̀lé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi bó ti máa ń ṣe, ó ní kí n wò ó bóyá ó tọ̀nà. Ohun tó kọ ni pé olùṣèwádìí kò fọwọ́ kan ẹbí rẹ̀ kankan nínú ìwádìí yìí. Mo kà á. Mo tún un kà.

Mo ní, "Ó tọ̀nà."

Kò yí kọ̀ǹpútà padà. Ó ní, "Ìyá Elisha ti sọ fún ìwọ náà, àbí?"

Mo ní ọjọ́ tó gbé gààrí wá ni. Ó mi orí. Ó ní òun ti gbọ́ tòun lọ́jọ́ ìsìnkú, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́.

Ṣé ẹ rí i, kó tó dáhùn fóònù Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ti mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tí mò ń bi í ní ìbéèrè, ó mọ̀ nígbà tí mo fo èyí tí mo fò. Ó mọ̀ nígbà tí wọ́n ń yìn ín. Ó dúró, ó dá wọn lóhùn, nítorí ohun tí Màmá ń dúró dè ni pé kó parí.

Ó fi ìwé náà ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú ẹ̀rọ bíípì jáde nínú báàgì rẹ̀, ó fa àga tì mí. Kò sọ pé kí n na ọwọ́. Mo ká apá ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè fúnra mi, ó wé e mọ́ mi lápá, ó tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lápá ni ẹkún màmá mi tó dé.