Ẹ Tún Un Sọ, Máníjà

Bí ọ̀rọ̀ owó oṣù bá délẹ̀ nílé iṣẹ́ ìránṣọ kan n'Ílùpéjú, Máníjà Ọláyíwọlá kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀rín ni yóò rín. Yóò fọwọ́ kan èèyàn léjìká, yóò ní, "Ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Ilé ọ̀hún wà ní Àgùdà. Gbogbo obìnrin tó ń rán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì nínú gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ náà ló mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ọ̀fun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ jẹ́wọ́ fún ẹnì kejì. Ẹni tó bá fẹ́ àfikún yóò ra ọsàn tàbí iṣu, yóò lọ kúnlẹ̀. Ìyàwó Máníjà yóò ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gún iyán yìí." Ibẹ̀ ni ọjọ́ ìsinmi èèyàn yóò parí sí. Tí Máníjà bá wá fi ohun tí kò tó èékánná kún owó rẹ, yóò kìlọ̀ fún ọ pé kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ìwọ nìkan lòun fẹ́ràn.

Sìmíátù ti lọ lẹ́ẹ̀kan rí, lọ́dún tó kọjá. Ó purọ́ fún Lydia, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí máṣíìnì wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pé ìkómọ lòun ń lọ. Lydia náà ní ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin lòun ní. Àfi bí Sìmíátù ṣe gba ẹ̀yìnkùlé Máníjà wọlé, tó bá Lydia lórí àpótí níbi tó ti ń fọ aṣọ ọmọ Máníjà, ọṣẹ dé ìgbúnwọ́.

"Ṣé ibí lẹ ti ń kọrin?" Sìmíátù bi í.

"Ọmọ tí ẹ wá kó jáde ńkọ́?" Lydia dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n kí Sìmíátù tó padà dé ilé rẹ̀ ní Pápá Àjàó, ẹ̀rín náà ti di ìbínú. Ó búra pé òun ò tún ní fi orúnkún nu ilẹ̀ ilé ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí ọwọ́ òun ti ṣiṣẹ́ fún.

Ọdún yìí wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Náírà ti já wálẹ̀, gààrí ti di góòlù, onílé sì ti sọ fún un pé tí kò bá rí owó tí òun fi kún owó yàrá san bí oṣù bá parí, kó gbé ẹrù rẹ̀ sóde. Òun àti ọmọ méjì. Níbo ni wọ́n ń gbé ẹrù lọ?

Bí Máníjà ṣe ń rìn kiri láàárín máṣíìnì ní òwúrọ̀ Tọ́sìdeè kan, tó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí olóyè, Sìmíátù yí padà lórí àga rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Mo fẹ́ kí ẹ fi kún owó oṣù mi."

"Ṣebí o mọ ilé."

"Ilé yín kọ́ ni mo ti ń ránṣọ, sà. Ibí ni."

Máníjà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Máṣíìnì ń ké bí òjò orí páànù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Sìmí, má dójú tì mí. Màá fi kún tìẹ, ìwọ nìkan. Ọ̀lẹ ni àwọn tó kù yìí, pàápàá Lydia yẹn. Èyí tí wọ́n ń gbà gan-an ti pọ̀ jù fún wọn. Ìwọ ṣáà pa ẹnu mọ́."

Owó yàrá nìyẹn. Kó kàn mi orí lásán, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Sìmíátù wo Lydia tó ń fi eyín gé òwú, tí kò gbọ́ nǹkan kan, tó tún ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹnu ẹni la fi í kọ mé jẹ. Ó dìde, ó lọ síbi ògiri tí súwíìṣì ńlá wà, ó fà á wálẹ̀.

Gbogbo máṣíìnì dákẹ́ wẹ́lo.

"Wọ́n ti mú un!" obìnrin kan ké. "NẸ́PÀ, ẹ ò ní dáa láéláé!"

"Ẹ fi NẸ́PÀ sílẹ̀, èmi ni," Sìmíátù wí. "Máníjà, ẹ tún un sọ. Ariwo ò jẹ́ kí àwọn ará ibí gbọ́."

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Gbé súwíìṣì yẹn sókè!"

"Ẹ ní ẹ ó fi kún tèmi, èmi nìkan. Ẹ ní ọ̀lẹ làwọn tó kù. Ẹ ní pàápàá Lydia."

Lydia fò dìde. "Èmi? Èmi ọ̀lẹ? Èmi tí mo fọ gbogbo nápíkìn ọmọ yín?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àṣàkẹ́, àgbà inú wọn, na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn. "Tọ̀! Èmi ni mo gún iyán ọdún Kérésì!"

"Ọsàn tèmi ńkọ́?" ẹlòmíràn pariwo. "Odidi àpò kan!"

Ọ̀rọ̀ tí kálukú ti gbé mì látọjọ́ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sílẹ̀. Ojú Máníjà pọ́n kuku.

"Sìmíátù, máa lọ sílé! Mo ti lé ẹ!"

Sìmíátù fojú inú rí ẹrù rẹ̀ níta, ó rí àwọn ọmọ lórí ẹrù. Ṣùgbọ́n kò kúrò níbi tó dúró sí.

"Ẹ lé mi, sà. Ẹ ṣáà sọ ìdí ẹ̀ fún wọn. Ẹ sọ pé ibi iṣẹ́ ni mo ti béèrè owó iṣẹ́."

Máníjà fúnra rẹ̀ lọ gbé súwíìṣì sókè. Iná dé. Máṣíìnì kan ṣoṣo ò dún. Lydia ká ọwọ́ gbera. Ìyá Àṣàkẹ́ bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga. Níta, ọkọ̀ tó wá kó ṣẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè lẹ́nu géètì. Ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún fọn ọ́n, èyí tó fọn kẹ́yìn sì gùn bí èébú.

Máníjà nu òógùn. "Ó dáa. Màá fi kún un."

"Ti ta ni?" Sìmíátù bi í.

"Ti... ti gbogbo yín."

"Láti ìgbà wo?"

"Ìparí oṣù yìí."

"Èmi tí ẹ ti lé wá ńkọ́?"

"Ta ló lé ẹ? Lọ jókòó sídìí iṣẹ́ ẹ, jàre!"

Sìmíátù tẹ orúnkún díẹ̀, bí ọmọ tí a bí ire ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà. Orúnkún náà ò kan ilẹ̀. Ó jókòó, ó fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà, ṣùgbọ́n Ìyá Àṣàkẹ́ ò tíì wọ bàtà.

"Máníjà," ìyá náà ké láti ẹ̀yìn, "àwa ará ìhín ò gbọ́ dáadáa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ.