Wákàtí Kẹjọ Obadiah

"Ẹ má jí i o, Màmá," Jemima rọra sọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Ó ní ẹni tó bá jí òun, àfi kó dá oorun òun padà."

Obadiah gbọ́. Ó dijú pinpin lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì sùn rárá.

Akọ̀wé ni ní sítọ́ọ̀ kòkó kan ní Àpòmù, òun ló ń lu òǹtẹ̀ gíréèdì sára àpò tí òyìnbó bá ti yẹ̀ wò. Láti ọjọ́ tí dípẹ́ńsà kan tó ń fúnni lóògùn ti sọ fún un pé wákàtí mẹ́jọ gbáko ló yẹ kéèyàn máa sùn ni wàhálà ti dé. Ó ra aago alágogo. Àràárọ̀ ló ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ gíréèdì oorun ẹ̀ sára ògiri: gíréèdì kẹta, gíréèdì kejì, "ó bu". Gíréèdì kìíní ò yọjú rí. Bó ṣe ń lé oorun, bẹ́ẹ̀ loorun ń sá. Ó fi àkísà di àkùkọ Gàrúbà aládùúgbò lẹ́nu. Ó ní kí Jemima ìyàwó ẹ̀ má gúnyán mọ́. Ewúrẹ́ ilé tó ń ké lóru, ó ti fi ránṣẹ́, ó ti di ará Ìkirè.

Lóru àná, ó rí wákàtí méje sùn. Ọ̀kan péré ló kù tó fi wá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Ìyá ìyàwó ẹ̀, Ẹfúnróyè, sì ti ru kòkó ọdún kan dé láti Orílẹ̀-Òwu, ó sá a sórí ẹní níwájú ilé.

Lòjò bá dé.

Bójò bá ká kòkó mọ́ ìta, aláìsàn gan-an á dìde. Obadiah ń gbọ́ eré ẹsẹ̀ wọn. Ó gbọ́ tí àna ẹ̀ yọ̀ ṣubú, gbì, tó sì ń sọ fún ọmọ ẹ̀ pé, "Rọra, ọkọ ẹ ń sùn." Ó yọjú wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá. Ó tún dijú.

Nígbà tójò dá, tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́ bó ṣe ń fẹ́ ẹ látọjọ́ yìí, kò lè dùbúlẹ̀ mọ́.

Ó jáde. Kòkó ti rẹ gbindin. Kó tó dọ̀túnla, á ti bu, wọn ò sì ní gbà á ní sítọ́ọ̀ tiẹ̀. Màmá jókòó tẹrẹ̀tẹrẹ̀, ó ń ṣà á nílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

"O kú ìsinmi, ọkọ mi. Ṣé oorun náà dùn?"

Obadiah dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Màmá, mi ò sùn."

"Mo mọ̀. Nígbà tí ààrá sán, mo yọjú wò ọ́. O ta gìrì, o tún dijú."

Jemima gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá ti etí ẹní sọ́dọ̀ Obadiah.

"Di ibẹ̀ mú."

Ó dì í mú. Nínú yàrá, aago bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro pé wákàtí kẹjọ ti pé. Kò sẹ́ni tó lọ pa á.