Ọmú Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

1.

…ni Batoul bá gbé ife tíì kalẹ̀, ó ní òun ò lè gbé ọ̀rọ̀ kan sínú mọ́. Òun fún Sundus lọ́mú rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Nítorí náà, ọmọ ìyá ni Sundus àti Anwar, ọmọ òun. Yìgì tí wọ́n so fún wọn kì í ṣe yìgì.

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ṣúgà inú tíì pọ̀ jù.

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí wọ́n gbé ìyàwó wọlé.


2. ÌWÉ ÌPÈ (ó ṣì wà lára fìríìjì Rhimou, ìyá Sundus)

ÀLÁJÀ BATOUL
ÀTI ỌKỌ RẸ̀, KÁŃSẸ́LỌ̀ ÌLÚ TETOUAN
pẹ̀lú
rhimou
ń fi tayọ̀tayọ̀ pè yín síbi ìgbéyàwó àwọn ọmọ wọn.

Ẹni tó tẹ̀wé kò ṣàṣìṣe. Batoul fúnra rẹ̀ ló lọ dúró tì í.


3. OHUN TÍ GBOGBO ÀDÚGBÒ MỌ̀

Pé ògiri kan ló wà tẹ́lẹ̀ láàárín ilé Rhimou àti ilé Batoul nínú ìlú àtijọ́, àti pé okùn aṣọ kan náà ni wọ́n jọ ń lò lórí òrùlé.

Pé nígbà tí ọkọ Rhimou kú, ogójì ọjọ́ gbáko ni Batoul fi ń gbé oúnjẹ kuskusu wá fún un.

Pé ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, ibà gbé Rhimou dè lẹ́yìn ìbímọ. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọsibítù. Ọwọ́ Batoul ni Sundus wà, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Anwar ṣì ń mu ọmú nígbà náà.

Pé obìnrin tí ọmọ bá mu ọmú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ti di ìyá ọmọ náà. Ọmọ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ ọmú rẹ̀. Kò sí álífáà tó lè tú u.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ àfi Batoul: kí ni Sundus mu fún ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn?


4. OHÙN TÍ RHIMOU FI RÁNṢẸ́ LÓRÍ WÁSÁÀPÙ, AAGO MẸ́FÀ ÒWÚRỌ̀

"Ìyá Anwar. Ọjọ́ tí mo dé láti ọsibítù, wàrà inú agolo lo ní o fún un. O fi agolo hàn mí. Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé irọ́ lò ń pa báyìí, o pa ọmọ mi. Tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni, a jẹ́ pé o jókòó tì mí fún ọdún mẹ́ta tá a fi ń ra ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì, ò ń jẹun, ò ń rẹ́rìn-ín, o wá jẹ́ kí wọ́n so yìgì. Sọ fún mi, nínú obìnrin méjèèjì yìí, èwo ni kí n gbá létí?"

Èsì, aago mẹ́wàá:

"Ọ̀rẹ́ mi àtàtà. Ọlọ́run ló mọ ọkàn. Ẹ̀rí ọkàn ni ò jẹ́ kí n sùn. Jọ̀ọ́, Àlájà ni kí o máa pè mí, àwọn èèyàn wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí ohùn rẹ ń sọ̀rọ̀."

Òdòdó pupa mẹ́ta tẹ̀ lé e.


5.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ikú ilé ti Rhimou wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga.

Láti ìgbà tí ọkọ Batoul ti di káńsẹ́lọ̀ ni wọ́n ti kó lọ sí ilé tuntun lójú ọ̀nà etíkun. Batoul gbé kìnnìún òkúta méjì sí ẹnu géètì. Ojú wọn jọ ojú ológbò tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n Batoul a máa ní kí àlejò fọwọ́ kàn wọ́n kí ó tó wọlé.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọ̀rọ̀ tíì yẹn, ó gbé àwòrán kan sórí Wásáàpù kí gbogbo èèyàn rí i: òun àti ìyàwó ọlọ́kọ̀ ẹja kan ní ìlú Mdiq, ọmọbìnrin ọlọ́kọ̀ náà láàárín wọn. Oníṣègùn eyín ni ọmọ náà. Ohun tí Batoul kọ sí i lábẹ́ ni: *Èmi àti ẹbí tuntun, bí Ọlọ́run bá fẹ́.*

Ó yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn wákàtí kan. Wákàtí kan pọ̀ ní Tetouan. Obìnrin tó ń gba búrẹ́dì níbi ààrò àdúgbò ló fi han Rhimou, ó tún bá a kẹ́dùn. Ó kéré tán, obìnrin búrẹ́dì náà kọ́ ló ṣe é. Batoul ni aṣenibánidárò gidi.


6.

Oyún oṣù méjì wà nínú Sundus. Rhimou nìkan ló mọ̀.


7.

(Wọ́n ti ya ojú ewé yìí.)


8. NÍNÚ ILÉ ÌDÁNÁ

SUNDUS: Àwọn alákọsílẹ̀ yìgì ti pè mí.

RHIMOU: Kí ni wọ́n wí?

SUNDUS: Pé ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin kan ṣoṣo ò tó láti tú yìgì. Àfi tó bá ti sọ ọ́ síta kí wọ́n tó so ó, tí ẹnì kan sì gbọ́.

RHIMOU: A jẹ́ pé ó ti tán.

SUNDUS: Wọ́n máa bi yín lọ́la. Màmá, ẹ gbọ́ ọ rí?

RHIMOU: Nǹkan wà lórí iná.

SUNDUS: Kò sí nǹkan lórí iná.


9. OHUN TÍ RHIMOU FỌ́ LỌ́SÀN-ÁN YẸN

Ife tíì mẹ́fà, ẹ̀bùn Batoul.
Àwo kuskusu ńlá, ẹ̀bùn Batoul.
Dígí tí Batoul rà fún un nígbà tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀.
Ìkòkò òdòdó kan. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á. Ó kàn wà nítòsí ni.


7, tí wọ́n tún lẹ̀ pọ̀

Ilé ìwẹ̀ gbígbóná ni. Sundus ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Ooru bo ojú, omi ń kán láti àjà, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Batoul ń fi kànrìnkàn ha ẹ̀yìn ọmọ náà. Ó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó ní, "Ẹ wo ọ̀rá. Ọmú mi ló wà níbí."

Rhimou rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ ń sọ irú rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ á ní òun ló tọ́ ọ, òun ló bí ọ, òun ló ni ọ́.

Àwàdà ni.

Ó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nígbà ogójì láti àárọ̀: àwàdà ni, àwàdà ni. Nígbà kọkànlélógójì ló rántí pé Batoul ò rẹ́rìn-ín.


10.

Ìgbà tó yá, inú tó ń bí Rhimou tutù, ó sì mú bí abẹ.

Batoul nílò ọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀ yẹn. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀rí tó kù fún un. Ṣùgbọ́n tó bá là á sílẹ̀, kò ní lè sọ pé òun gbàgbé: láti ogún ọdún ló ti mọ̀, ó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń so yìgì. Anwar á sì wà ní ìjókòó.

Àfi kí Rhimou bá a sọ ọ́.


11. ÀKỌSÍLẸ̀ (àwọn tó wà níbẹ̀: ìyàwó, ọkọ, ìyá méjèèjì)

ALÁKỌSÍLẸ̀: Ìyá ìyàwó, kí a tó so yìgì yìí, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ rí, lẹ́nu Àlájà tàbí lẹ́nu ẹlòmíràn, pé wọ́n fún ọmọ yín lọ́mú?

RHIMOU: Mi ò gbọ́ ọ rí.

ALÁKỌSÍLẸ̀: Ẹ lè búra?

RHIMOU: Ẹ gbé Kùránì wá.

(Wọ́n gbé e wá. Ó búra.)

BATOUL: Irọ́ ló ń pa.

ANWAR: Màmá.

BATOUL: Irọ́ ni. Ó mọ̀ pé irọ́ ni.

ANWAR: Màmá, báwo lẹ ṣe mọ ohun tó gbọ́?




12.

Alákọsílẹ̀ ń dúró. Sundus di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, tàbí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Batoul ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ṣí díẹ̀.

Ọwọ́ Rhimou ṣì wà lórí Kùránì. Kò gbọ̀n rárá. Ìyẹn gan-an ló wá ń ba Rhimou fúnra rẹ̀ lẹ́rù.