Ìtàn Orin Òjò

Bí Ifátọ́mi, olórin ará Ọ̀yọ́ tí ń fi ìka ta agídìgbo, ti wọ gbọ̀ngàn tí wọn yóò ti ṣeré ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún 1988, ó rí Àtọ́kẹ́, opó ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ládiípọ̀, ní ìjókòó iwájú, ọkàn rẹ̀ sì dàrú. Àṣà ẹgbẹ́ olórin wọn ni pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olórin yóò sọ bí orin rẹ̀ ṣe wáyé. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Ládiípọ̀ ni ó ṣẹ̀dá orin òjò, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti kú ni Ifátọ́mi ti ń pè é ní tirẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” ni Àtọ́kẹ́ wí. “Ẹ sọ fún wa níbi tí ẹ ti rí orin òjò he.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

“Ládiípọ̀ ló ni ín,” ni Ifátọ́mi wí. “Èmi kàn gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni. N kò mọ ohun tó mú un kọ ọ́.”

“Òjò ló wó ògiri pa àkọ́bí wa ní Ìkòyí-Ilé,” ni obìnrin náà dáhùn. “Ẹ kò lè kọ ọ́ mọ́. Ẹ máa ta agídìgbo yín, èmi ni n ó kọ ọ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka Ifátọ́mi ń ṣáájú rẹ̀ ṣáá. Ifátọ́mi dá ìka dúró, ó ń rántí gbogbo ìgbéyàwó tí ó ti fi orin ọ̀fọ̀ náà mú àwọn ènìyàn jó.