Àwo Mẹ́fà Tíṣà Gbémiga

Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Adélaní, olùkọ́ yunifásítì láti Àkúrẹ́, wá bá wọn ní Oǹdó, tó ní òun fẹ́ gba orin Tíṣà Gbémiga sínú kásẹ́ẹ̀tì kó má baà parun, inú Tíṣà dùn dẹ́yìn. Àyà Moríyọ̀ aya rẹ̀ ló já.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Tíṣà fi tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Ikán ti jẹ ìwé tó kọ àwọn orin rẹ̀ sí. Àwo orin mẹ́fà tí wọ́n ṣe l'Ékòó lọ́dún 1956, tí Moríyọ̀ pàápàá bá wọn kọrin níbẹ̀, ló ṣẹ́ kù.

"Ìyá Tèmilọlá, gbé àpótí àwo wa wá."

"Ó wà lọ́dọ̀ Tèmilọlá ní Àkúrẹ́. N óò lọ gbé e lọ́la."

Irọ́ ló pa. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ ọjà di ọ̀wọ́n, gbóná girigiri, tí ohun jíjẹ tán nílé, ó ti kó àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún Ayọ̀dèjì, ọkùnrin kan láti Arakale ní Àkúrẹ́ tó ń kiri ra àwo àtijọ́, ó sì gba gààrí.

Ilẹ̀ mọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Arakale. Ìkòkò òdòdó dúdú ló tò síwájú ìsọ̀ Ayọ̀dèjì. Ó béèrè àwo rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Màmá, omi gbígbóná la fi ń mú àwo rọ̀, ká tó tẹ̀ ẹ́ bí abọ́. Tiyín ti tà tán, àfi ẹyọ kan yìí."

Moríyọ̀ yí ìdí rẹ̀ wò. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ṣì wà lára bébà pupa tó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ṣé ẹ lè tẹ́ ẹ padà?"

"Kò ṣe é tẹ́ mọ́, Màmá. Ẹ máa mú un lọ."

Nígbà tó padà délé, Ọ̀mọ̀wé ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀. Moríyọ̀ kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó gbé ìkòkò náà lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Tíṣà fi ìka tọ ìlà orin yí etí rẹ̀ po.

"Gààrí tí a jẹ lọ́jọ́sí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Tèmilọlá. Ẹ foríjì mí."

"Orin wo ni?"

Ó sọ fún un. Tíṣà gbé ohùn sí i, ó kọ ìlà méjì, ìkẹta sọnù. Ó kọjú sí aya rẹ̀. Moríyọ̀ wá a lọ́kàn títí, kò rí i. Ọ̀mọ̀wé rọra di ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì dágbére.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Moríyọ̀ na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀ kí àwọn jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Máa lọ," ni Tíṣà wí.

Tíṣà kò tún bá a lọ mọ́, títí ikú fi mú un nínú ọyẹ́.