Ọ̀bẹ Tí Àgbò Kò Gbọ́dọ̀ Rí

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri Ògbòòrò pé ọlọ́pàá ká ọ̀bẹ mọ́ ọmọ Àsíátù lára. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ròyìn kó ròyìn tán, nítorí èmi Àsíátù gan-an ni mo jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà náà.

Àárọ̀ ọjọ́ ìkómọ ni. Kàdírì ọmọ mi ti Àgọ́-Àmọ́dù wá gbé mi, èmi àti àgbò tí mo ti ń sìn de ọjọ́ náà. Ọdún gbọọrọ lòun àti Waheedat, ìyàwó rẹ̀, fi wá ọmọ. Àwọn ẹlẹ́nu sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n lẹ́nu. Nígbà tí Ọlọ́run wá dá wọn lóhùn, ohun kan ni ọmọ mi ń fẹ́: kó fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ sí ọmọ náà létí, kó sì fi ọ̀bẹ olóògbé bàbá rẹ̀ dúńbú ẹran.

Ọkọ mi kì í jẹ́ kí ẹran tó fẹ́ dúńbú fojú kan ọ̀bẹ. "Ìkà ni kéèyàn pa ẹ̀dá Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mejì," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, áfà wa náà sì ń sọ ọ́ ní wáàsí. Tóò, àgbò wà lórí táǹkì ọ̀kadà níwájú Kàdírì, ibo ni kó fi ọ̀bẹ sí? Ó fi aṣọ wé e, ó sì tì í bọ abẹ́ bùbá rẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá dúró lójú ọ̀nà nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé, wọ́n ń yẹ ara èèyàn wò. Ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn ba nǹkan líle.

"Kí nìyí?"

"Ọ̀bẹ ni, sà."

"Yọ ọ́ síta!"

Ẹ gbọ́ èsì ọmọ mi: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yí ojú àgbò yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ọlọ́pàá náà fò sẹ́yìn, ó na ìbọn sí i. Ó rò pé ó fẹ́ tan òun jẹ ni. Háà! Inú bí mi. Àwọn àgbẹ̀ ń gun ọ̀kadà kọjá, àdá ń kọ mànà lára wọn, wọ́n tún ń juwọ́ sí wa. Mo ní, "Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Àdá ń kọjá, ọ̀bẹ lo rí mú! Irú ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ọ?" Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ká tó wí, ká tó fọ̀, wọ́n ti kó wa dé àgọ́ wọn, àti èmi, àti ọmọ mi, àti àgbò.

Wọ́n ní Kàdírì gbé ohun ìjà olóró kiri, ó di kóòtù. Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn, kóòtù sì di ọjọ́ Ajé. Kàdírì bú sẹ́kún. "Ìyá, wọ́n á sọ ọmọ mi lórúkọ lẹ́yìn mi."

Ọ̀gá wọn jáde sí wa, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cornelius. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó dá mi lọ́wọ́ kọ́.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Òfin kì í bá irin jà. Àdá tí àgbẹ̀ ń gbé lọ sóko, irinṣẹ́ ni. Bó bá gbé àdá yẹn kan náà lọ síbi ìjà, ó di ohun ìjà. Bí igi ṣe rí nìyẹn, bí ìgò ṣe rí nìyẹn. Ohun téèyàn fẹ́ fi ṣe ni òfin ń wá, òfin ò sì rí inú èèyàn. Ohun tó rí ni pé ọmọ yín fi í pamọ́." Ó kọjú sí Kàdírì. "Ta lo fi í pamọ́ fún?"

"Àgbò, sà."

Àwọn ọlọ́pàá yòókù bú sẹ́rìn-ín. Cornelius ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀bẹ náà lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ ara rẹ̀. Ọmọ mi gbàgbé ìbọn, ó gbàgbé kóòtù, ó fò dìde, ó fi ara rẹ̀ dí àgbò tí wọ́n so mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dákun, sà! Ó ń wò yín!"

Cornelius wo àgbò, ó wo ọmọ mi, ó sì rọra wé ọ̀bẹ náà padà.

"Ẹni tó ń ṣàánú ojú àgbò báyìí," ó ní, "èmi ò rí ohun tó fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe èèyàn. Ẹ fi í sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀bẹ yìí ò gbọ́dọ̀ padà sábẹ́ aṣọ o. Ìta gbangba ni kó wà."

"Àgbò á sì rí i," ni mo wí. Ẹnu mi ò gbọ́ tèmi.

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. "Kò burú, Màmá. Ọ̀bẹ á bá mi wọ mọ́tò. Ẹ̀yin ẹ máa tẹ̀lé mi bọ̀."

Áfà ti ń ṣe àdúà nígbà tá a dé ilé Kàdírì. Waheedat rí mọ́tò ọlọ́pàá, ó figbe ta, kò dákẹ́ àfìgbà tó rí ọkọ rẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́yìn. Kàdírì gba ọmọ, ó pe ìrun sí i létí, ó pe orúkọ rẹ̀: Misturat. Inú mi dùn, mo sunkún.

Nígbà tó kan ẹran, Cornelius bọ́ sílẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ sẹ́yìn ara rẹ̀. Ó ṣí fìlà ọlọ́pàá lórí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi bo ojú àgbò. Lẹ́yìn náà ló tó na ọ̀bẹ sí ọmọ mi.

"Ó yá," ó ní, "Bàbá Misturat."

Òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa pe ọmọ mi bẹ́ẹ̀.